"Ẹ̀n Mà" Kì Í Ṣe "Mo Gbà"

Ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn ni, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, nígbà tí mo ṣì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn àgbà olùwádìí máa ń rán jáde lọ gba èsì wá. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì fún mi, olùkọ́ sì ń rán àwọn ọmọ sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde kó jókòó. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀n mà." Mo ní tó bá sú u nígbàkigbà, kó sọ fún mi, a ó dáwọ́ dúró, ṣé ó gbọ́? "Ẹ̀n mà." Mo fi bírò sàmì síbi tí fọ́ọ̀mù ní kí n sàmì sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Nígbà tí a fi máa dé ìbéèrè kejìdínlógún, mo rí omi tó ń ṣàn lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n kí olùkọ́ tó pè é jáde. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Ọmọ dáadáa, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó tún ní, "Ẹ̀n mà."

Fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà kò ní àbùkù kankan. Ìyá rẹ̀ ti buwọ́ lù ú, ọ̀gá ilé ìwé ti lu òǹtẹ̀ sí i, àmì tèmi náà sì wà níbẹ̀ pé ọmọ náà gbà. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì yẹ̀ ẹ́ wò yóò ní iṣẹ́ náà pé pérépéré. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà kò gba ohunkóhun. Ó kàn jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kì í já lu àgbà lẹ́nu. Kì í tẹjú mọ́ àgbà. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó wù ú. Mi ò bú ẹ̀kọ́ yìí o; òun ló tọ́ èmi náà, mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Àmọ́ ẹ wo olùwádìí tó gbé ìwé ìlànà dání, tí ìwé náà sọ fún un pé lẹ́yìn tí òbí bá ti yọ̀ǹda, kí ó bi ọmọ fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́. Yóò lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, yóò bi ọgọ́rùn-ún ọmọ, ọgọ́rùn-ún ọmọ yóò sì gbà. Inú rẹ̀ yóò dùn. Ohun tó yẹ kó fu ú lára gan-an nìyẹn, nítorí níbi tí ọmọ kò bá ti lè sọ pé rárá, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ túmọ̀ sí. Lójú tèmi, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí pẹ̀lú ọmọdé ni pé kó wá ọ̀nà tí ọmọ náà yóò fi lè kọ̀ láì jẹ̀bi. Bí kò bá ti ṣe ìyẹn, ìwé lásán ni gbogbo ìyókù.

Ìwé náà kò ṣeé fojú di ṣá. Lọ́dún 2003 ni Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tó ní ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tí ì pé ọdún 18, tó sì fi ire ọmọ ṣáájú nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe tó kàn án. Lọ́dún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà fún ìwádìí ìlera jáde: kí olùwádìí tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti yẹ ètò rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n bi í léèrè ewu tó wà níbẹ̀, ta ni yóò jàǹfààní, àti ìdí tó fi jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ lò nígbà tí àgbà wà. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lágbára. Ohun tí a bá lè rí mọ̀ lára àgbà, kò yẹ ká lọ wá a lára ọmọ.

Lẹ́yìn ìgbìmọ̀ ló kan òbí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀. "Òbí" rọrùn láti kọ sórí fọ́ọ̀mù. Nínú agbo ilé, bàbá lè wà l'Ékòó, kí ìyá máa ná ọjà kiri, kó jẹ́ ìyá àgbà ló ń fún ọmọ lẹ́kọ mu láàárọ̀, òun ló mọ̀ pé gìrì ti gbé e rí. Bí ìyá àgbà bá tẹ̀ka, tí bàbá dé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ óò gbọ́ "ta ló ní kí wọ́n fi ọmọ mi dánra wò?" Ohun tí mo ti rí pé ó dára jù ni kí ẹni tí òfin mọ̀ buwọ́ lù ú, kí ẹni tó ń tọ́ ọmọ sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣàlàyé, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ ló máa ń mú jù. Ọ̀gá ilé ìwé ńkọ́? Ó lè ṣí géètì fún wa. Kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ tọrẹ. Àwọn kan a máa fi lẹ́tà rán ọmọ sílé, pé òbí tí kò bá fẹ́ ni kó dá a padà. Wọ́n á ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìyọ̀ǹda. Mo ti tú báàgì ilé ìwé rí, mo bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n fi wé ẹ̀pà.

Èdè fọ́ọ̀mù náà tún ni wàhálà mìíràn. Bí a bá ní "ìwádìí" là ń ṣe, ìyá ọmọ á rántí ọlọ́pàá. Bí a bá ní "àyẹ̀wò" ni, á béèrè iye ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fà. "Ìdánwò" ńkọ́? Á sọ fún ọmọ pé kó lọ kàwé sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fún ẹnìkan ní ìwé náà láti túmọ̀ sí Yorùbá, wọ́n á wá fún ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ pé kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gbé méjèèjì síra wọn wo ibi tí ìtumọ̀ ti sá lọ. Bí a bá fẹ́ pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì láì ṣe ojúsàájú, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ẹ sọ pé kèké ni a ó ṣẹ́. Gbogbo ìyá ló mọ kèké, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí kèké mú kì í ṣe ẹni tí a yàn ní àyànfẹ́.

Ibi tí ìwé lè mọ, tí kò lè kọjá, Kánò ló fi hàn wá. Lápá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, àrùn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tó máa ń mú ọrùn ọmọ le gan-an, tó ń ba ọpọlọ jẹ́, jà rànyìn lókè Ọya. Ẹni tó lé ní 10,000 ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Kánò kún débi tí àwọn ọmọ ń sùn sílẹ̀. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ti wà nínú ọgbà náà, wọ́n ń fi oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà dé, tí wọ́n gbé oògùn tuntun kan wá tí ń jẹ́ Trovan. Wọ́n mú 200 ọmọ: 100 gba Trovan, 100 gba ceftriaxone, oògùn tó ti wà lórí àtẹ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn ìyókù. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n etí wọn di, tàbí ẹsẹ̀ wọn rọ. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Pfizer ní nọ́ọ̀sì ti fẹnu ṣàlàyé fún wọn, pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, tí wọ́n wá ń tú ìwé wò, ó hàn gbangba pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kọ lẹ́tà tó ní ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i. Ilé ìwòsàn tí lẹ́tà náà fi orúkọ rẹ̀ jáde kò tilẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò, láì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹni tó bá dúró sórí iye òkú nìkan lè ní 5 kò ju 6 lọ, kí wá ni ẹjọ́? Ẹjọ́ náà kò sí níbẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tó gbé ọmọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì dání lórí ìlà, tí kò tí ì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹni tó wọ aṣọ funfun wá bá a sọ̀rọ̀ pé àwọn ní oògùn kan. Ìyá náà á ní "Tò." Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ó túmọ̀ sí pé ó dáa. "Tò" yìí àti "ẹ̀n mà" ọmọ abẹ́ igi máńgòrò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà kejì wà níbẹ̀, nínú ọgbà kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òbí sì sọ pé kò sẹ́ni tó nàka sí i fún àwọn. Nígbà tí Kánò kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ lọ́dún 2003, tí àrùn náà sì tàn kọjá ẹnu ibodè wa, ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n bi léèrè ló dárúkọ Trovan. "Rárá" tí wọn kò rí àyè sọ lọ́dún 1996, ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀ ló jáde, orí àwọn ọmọ mìíràn ló sì bà lé.

Ó yá, ká ní ìwé pé, òbí ti yọ̀ǹda, ọmọ sì ti jókòó. Báwo la ó ṣe bi í léèrè? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí ìbéèrè bá ti rọrùn, èsì á jẹ́ òtítọ́. Lọ́dún 1980, Martin Hughes àti Robert Grieve tẹ ìwádìí kan jáde tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá kọ́ níṣẹ́ yìí. Wọ́n bi àwọn ọmọ òyìnbó tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún àti méje ní ìbéèrè tí kò ní orí tí kò ní ìdí: ṣé mílíìkì tóbi ju omi lọ? Ṣé pupa wúwo ju yẹ́lò lọ? Ó yẹ kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú wọn ló dáhùn pẹ̀lú ojú tó le, àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣe àlàyé. Àgbà ló béèrè, àgbà kì í béèrè ọ̀rọ̀ wérewère, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà. Bí àwọn ọmọ òyìnbó, tí a máa ń ní wọ́n lẹ́nu, bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ro ti àwọn tiwa.

Èyí tó tún jọ ọ́ ni kí a bi ọmọ ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Susan Rose àti Marion Blank ṣe é lọ́dún 1974. Ìdánwò àtijọ́ kan wà, tí a máa ń to nǹkan wẹ́wẹ́ sí ìlà méjì tó dọ́gba, a ó bi ọmọ bóyá iye wọn dọ́gba, á ní bẹ́ẹ̀ ni. A ó wá fa ìlà kan gùn lójú rẹ̀, a ó sì tún un béèrè. Ọmọ kékeré á yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn onímọ̀ á ní kò tí ì lóye iye. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí yọ ìbéèrè àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tí wọ́n fa ìlà náà gùn. Àwọn ọmọ tó gbà á pọ̀ sí i. Òye kọ́ ni wọn kò ní. Etí ni wọ́n fi gbọ́ pé àgbà kò fẹ́ èsì àkọ́kọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé èyí fún. Bí ìyá bá bi ọ́ pé "Ṣé ìwọ kọ́ lo mú ẹran inú ìkòkò?", tí o ní ìwọ kọ́, tó bá wá tún un béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, o mọ̀ pé ó yá, àkókò ti tó láti yí i padà. Síbẹ̀ mo ti rí ìwé ìbéèrè tó kún fún àtúnbéèrè, tí àwọn tó kọ ọ́ ní àwọn fi ń dán òtítọ́ ọmọ wò.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àṣìṣe. Orí ẹní ni mo máa ń jókòó, kì í ṣe àga. Mo máa ń gbé ẹní náà síbi tí olùkọ́ ti lè rí wa ṣùgbọ́n tí kò lè gbọ́ wa, níbi tí ẹgba kò sí nítòsí. Bí ọmọ bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo máa ń gbà, nítorí ọmọ méjì máa ń já ara wọn lẹ́nu, ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń yọ. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í ní í ṣe pẹ̀lú ìwádìí. Mo máa ń ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni mí?" Ọmọ á wò mí. Mo tún lè ní, "Orúkọ rẹ ni Bàbá Àgbà, àbí?" Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀rín á gbà á, á ní, "Rárá!" Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, títí ẹnu rẹ̀ á fi mọ́ ọn lára pé wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún obìnrin yìí kí ilẹ̀ má sì yanu. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé òkúta kan lé e lọ́wọ́, mo gbé àwo sí àárín wa. Tí ọ̀rọ̀ bá sú u, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, tí kò bá kàn wù ú mọ́, kó ju òkúta náà sínú àwo, á dún kàú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò ní láti fẹnu kọ̀. Àwọn kan máa ń jù ú lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n lè rí i bóyá mo purọ́. Mo máa ń dáwọ́ dúró. Wọ́n máa ń padà wá.

Èmi kọ́ ni mo dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2001, Alison Clark àti Peter Moss gbé ọ̀nà kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún: wọ́n fún wọn ní kámẹ́rà, wọ́n ní kí wọ́n mú àgbà yí ká ilé ìtọ́jú ọmọ wọn, kí wọ́n ya ohun tó ṣe pàtàkì sí wọn, kí wọ́n fi àwòrán náà ya máàpù. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn kiri kò lè jẹ́ ọ̀gá fún un, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nílé wa kò gba kámẹ́rà. Ẹ ní kí ọmọ mú yín lọ síbi tó máa ń sá pamọ́ sí. Àlọ́ náà ń ṣiṣẹ́, bí a bá jẹ́ kí ọmọ parí rẹ̀ fúnra rẹ̀: Ìjàpá dé ilé ìwé, kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ni olùkọ́ ṣe sí i? Ohun tí ọmọ kò ní sọ nípa ara rẹ̀, á sọ ọ́ nípa Ìjàpá láì fi ọ̀kan pe méjì. Ẹ ṣọ́ra ṣá o. Ìjàpá kì í ṣe ọmọ náà, ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé olùkọ́ na ọmọ báyìí báyìí nítorí pé ó na Ìjàpá, irọ́ ló kọ.

Ọ̀rọ̀ èdè tí a fi ń béèrè mú mi rántí Ifẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó láti ọwọ́ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní ohun gbogbo, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú fún un. Kíláàsì kejì tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ọ́. Èsì tí wọ́n gbé jáde ni pé àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ìyókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Gbogbo wa la fẹ́ràn èsì náà, èmi pàápàá. Àmọ́ ká ní ó forí ṣánpọ́n ńkọ́? Oògùn tí kò bá ṣiṣẹ́, a lè dá a dúró. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ kíláàsì lọ́dún 1970 kò lè padà di ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́dún 1976 kí a fi ọ̀nà mìíràn kọ́ ọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe tí wọ́n wá yẹn, mo máa ń rò ó pé òun ni ẹ̀rí-ọkàn ìwádìí náà: wọ́n ti ro ohun tó lè sọ ọmọ nù, wọ́n sì ti fi nǹkan dí ojú ihò náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláríwísí ní ó ba ìfiwéra jẹ́ díẹ̀, pé bóyá olùkọ́ náà ló ṣe é, kì í ṣe èdè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàrin ìwádìí tó mọ́ gaara àti ọmọ tí kò pàdánù, mo mọ èyí tí mo máa mú. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tó kàn wá: ọmọ tí a bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ lè sọ pé "kò yé mi." Èyí tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi léèrè kí ó tó gbọ́ ọ dáadáa, "Yes ma" ló máa ń wí, ó sì burú ju "ẹ̀n mà" lọ, nítorí kò tilẹ̀ mọ ohun tó gbà.

Àwọn ọmọ kan kò lè sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ ọwọ́ kò ní òkúta tó fẹ́ jù sí àwo. Ní nǹkan bí 1957, Dókítà David Morley, tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí bí èéyi ṣe ń jà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí oúnjẹ kò ká lára. Ibi tí ọ̀ràn ti dùn mọ́ mi ni káàdì. Morley ya ọ̀nà ìdàgbàsókè sórí káàdì kan, kí ìlà ìwọ̀n ọmọ máa gòkè lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì kó káàdì náà fún ìyá pé kó máa gbé e lọ sílé. Àwọn dókítà ìgbà náà ní yóò sọnù. Ìyá tí kò mọ̀wé kò sọ káàdì ọmọ rẹ̀ nù, ó sì mọ̀ ọ́n kà: bí ìlà bá ń gòkè, ọpẹ́ ni, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yá ká máa lọ sí kílíníìkì. Káàdì náà ti yí ayé ká láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ń wá sí abúlé bí ẹni wá kórè oko olóko, wọ́n á di èsì sínú àpò, ó di gbére. Níbi tí ọmọ kò bá lè gbà, tí kò lè kọ̀, ó kéré tán, kí ohun tí a rí lára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ìyá ilẹ̀ wa kì í fẹ́ kí àlejò ka ọmọ òun. "Ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kú?" tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìbéèrè, ó yẹ kó jẹ́ ohun ìkẹyìn tí a ó béèrè, pẹ̀lú ìlọ́ra, kì í ṣe bí ẹni ń ka iṣu lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló le jù fún mi. A máa ń sọ fún ọmọ pé ohun tó bá sọ kò ní jáde. Kí ni a ó wá ṣe bó bá sọ pé ẹnìkan nínú ilé ń fọwọ́ kan òun ní ìkọ̀kọ̀? Lọ́dún 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn, pẹ̀lú UNICEF àti CDC ti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí ìwà ipá sí ọmọ. Wọ́n bá àwọn tó wà láàrin ọdún 13 sí 24 sọ̀rọ̀, nǹkan bí 6 nínú 10 ló sì ní wọ́n ti fojú winá ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí àwọn tó pé ọdún 18. Àdúgbò tí wọ́n ti bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, wọn kò bá obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí aṣebi má baà gbọ́ irú ìbéèrè tí wọ́n bi ẹni tó ṣe níbi. Òbí gbọ́ pé ìwádìí lórí ìlera àti ìgbé ayé ọ̀dọ́ ni. Ọmọ nìkan ló gbọ́ ìyókù, nítorí ó lè jẹ́ òbí náà gan-an ló ń ṣe é. Wọ́n sì ti wá àwọn òṣìṣẹ́ tó lè gba ẹni tó bá fẹ́ ìrànwọ́ mọ́ra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Inú mi kì í dùn sí kí a fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òbí. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ ni pé, "Mi ò ní sọ fún olùkọ́ rẹ, mi ò ní sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ. Tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣe ọ́ léṣe, mo máa wá ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, ìwọ ni mo sì máa kọ́kọ́ sọ fún." Àwọn kan máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ti ẹ̀bùn kò gùn. Ẹ má gbé bisikíìtì síta kí ọmọ tó dáhùn, nítorí ojú á wà lára bisikíìtì. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni, kí ti gbogbo wọn dọ́gba, kí ẹni tó kọ̀ sì gba tirẹ̀. Ẹ má ya wọ́n ní fọ́tò sórí WhatsApp.

Nígbà tí mo ṣe irú iṣẹ́ yìí gbẹ̀yìn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan jókòó sórí ẹní pẹ̀lú mi. Ó ní rárá, èmi kì í ṣe ewúrẹ́. Ó ní rárá, òun kọ́ ni Bàbá Àgbà. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, ó dáhùn mẹ́rin, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí pápá, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó na ọwọ́, ó rọra gbé òkúta náà sínú àwo, kò tilẹ̀ jù ú. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ọmọ gidi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, mi ò ṣe mọ́," ó bá eré rẹ̀ lọ. Mo fa ìlà sí ìdí orúkọ rẹ̀, mo sì fi ibi tó kù sílẹ̀ ní òfìfo. Ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó tún yọjú láti ẹ̀yìn igi, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní ṣé bisikíìtì òun ṣì wà.